Onílé tí àlejò lé jáde: ìjà ilẹ̀ àwọn ìkookò ní Yellowstone

Ẹ jẹ́ n kọ ọ̀rọ̀ agbo ìkookò kan sílẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ ìdajì rẹ̀ tí wọ́n á sì fi ìdajì tó wúlò sílẹ̀. Páàkì Yellowstone ní Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀, lápá àríwá, ní àfonífojì tí wọ́n ń pè ní Lamar. Àwọn agbo yìí lórúkọ nínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ páàkì o, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò ní ràn wá lọ́wọ́ níbí. Èmi máa pe àwọn tó kọ́kọ́ dé ní Onílé, àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ni Àlejò.

Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló pa ìkookò Yellowstone run, nígbà tó fi máa di 1926 wọ́n ti tán. Fún bí àádọ́rin ọdún kò sí agbo kankan níbẹ̀, ni àwọn elk, ìyẹn ìbátan àgbọ̀nrín tí akọ rẹ̀ lè wúwo tó 300 kìlò, bá pọ̀ bí eṣú, nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 1994 wọ́n tó 19,000 lápá àríwá nìkan. Ní January 1995 wọ́n wá kó ìkookò 14 wá láti Alberta ní Kánádà, wọ́n pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, wọ́n sì ti ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan mọ́ ọgbà wáyà tó fẹ̀ tó éékà kan. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi wà níbẹ̀, ẹran tí mọ́tò pa lójú títì ni wọ́n ń gbé fún wọn jẹ. Ìdí tí wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé ni pé ìkookò tí o bá kàn gbé wá tí o tú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ilé ló máa dorí kọ, kì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún wọn ní March, wọn ò jáde. Ẹnu géètì yẹn làwọn èèyàn máa ń gbà wọlé wá gbé oúnjẹ fún wọn, òórùn èèyàn kún ibẹ̀, wọn ò bá súnmọ́ ọn rárá, ó di ìgbà tí wọ́n gé wáyà níbòmíì kí wọ́n tó yọjú.

Onílé jẹ́ mẹ́fà nígbà tí wọ́n jáde: akọ àgbà kan, abo àgbà kan, àti ọ̀dọ́ akọ mẹ́rin. Wọ́n bọ́ sí Lamar, wọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kò sí ìkookò tó máa bi wọ́n pé kí lẹ wá ṣe, ẹran sì wà níwá lẹ́yìn.

Wàyí o, gbígba ilẹ̀ lọ́tọ̀, dídi ilẹ̀ mú lọ́tọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé agbo kan lójú ọ̀nà nínú yìnyín, ìtọ̀ ló máa kọ́kọ́ rí. Akọ tó ń darí á dé ìdí kùkùté kan tàbí orítá, á fimú fín in títí, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á tọ̀ díẹ̀ sí i níbi tí imú ìkookò míì á ti tètè bá a, á wá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ha ilẹ̀ gbàrà gbàrà, iyẹ̀pẹ̀ á máa fò. Kò ní pẹ́ tí abo àgbà á dé ibẹ̀ kan náà, òun náà á tọ̀ sí i. Àwọn ọmọdé inú agbo á kàn kọjá lọ ni, iṣẹ́ yẹn ò sí lọ́wọ́ tiwọn. Ní Minnesota ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti tẹ̀ lé irú ipa ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, wọ́n rí i pé ká pín in dọ́gba, àmì òórùn kan máa ń wà ní bíi mítà 240 síra wọn, tó bá wá kan etí ààlà iye rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì torí agbo méjì ló ń tọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà pupa kọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri l'Ékòó, iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé ọ̀dà tiwọn kì í pẹ́ ṣá, wọ́n gbọ́dọ̀ máa padà wá tún un kùn ni.

Híhu náà wà níbẹ̀. Ìtọ̀ ń sọ pé a gbabí kọjá, híhu ń sọ pé a wà níbí báyìí. Agbo tó bá wà nídìí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tàbí tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, ló máa ń tètè dáhùn tí wọ́n bá gbọ́ ohùn àjèjì, ìkookò tó bá dá nìkan wà á panu mọ́ á yẹra. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ìjà ni ohun méjèèjì yìí ń dá dúró kó tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí wọn ò ti lè dá a dúró ni etí ààlà: nínú ìkookò 22 tí ìkookò míì pa ní àríwá ìlà oòrùn Minnesota, ìpín 91 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú láàárín kìlómítà 3.2 sí ààlà. Àwọn ẹran náà mọ̀ ọ́n, torí ibi tí agbo méjì ti ń bẹ̀rù ara wọn ni àgbọ̀nrín ti máa ń pẹ́ láyé jù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lamar. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ wò nìyí, torí ìjà ò tíì dé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni Onílé ti pàdánù ilẹ̀ wọn. Ní October 1995, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ akọ wọn fi ilé sílẹ̀, ó lọ bá opó kan ní agbo tó múlé gbè wọ́n. Ọkọ opó yìí ni ẹnì kan ti yìnbọn pa lọ́nà àìtọ́ ní April ọdún yẹn, àwọn ọmọ jòjòló sì wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ni ọ̀dọ́ yìí bá wọlé di bàbá. Ní January 1996 ọ̀dọ́ akọ kejì rí abo tiẹ̀, àwọn méjèèjì lọ dá agbo tuntun sílẹ̀ níbòmíì nínú páàkì. Ní February ẹ̀kẹta jẹ àgùntàn àwọn èèyàn, ìjọba pa á. Nínú mẹ́fà ó ku mẹ́ta. Ẹni tó bá ń wo máápù nígbà yẹn ò ní rí aburú kankan o, torí ilẹ̀ tí Onílé ń rìn kò tíì sún, gbogbo ẹni tó jáde níbẹ̀ ló sì dà bí àṣeyọrí lójú rẹ́pọ̀ọ̀tì: ọ̀kan fẹ́yàwó, ọ̀kan dá ilé sílẹ̀. Ẹnu tó máa gbèjà ilẹ̀ ló ń dín, ìyẹn ò sì hàn lórí máápù.

Ní January 1996 yẹn kan náà ni ìkookò 17 míì dé láti British Columbia. Ìsọ̀rí mẹ́rin ni wọ́n, Àlejò wà lára wọn, márùn-ún ni: ìyá kan, ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta, àti akọ ńlá kan tí kì í ṣe ẹbí wọn tí wọ́n fi sáàárín wọn nínú ọgbà. Ọgbà wáyà tí wọ́n kó wọn sí wà nínú Lamar, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ti lò lọ́dún tó ṣáájú. Mi ò fẹ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí èyí, ọgbà ti wà nílẹ̀, ọ̀nà dé ibẹ̀, gbígbé ẹran fún wọn rọrùn, elk sì pọ̀, ta ni ì bá lọ kọ́ òmíì sínú òkè? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó láti ojú ìkookò. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi wà níbẹ̀, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń tọ̀, tí wọ́n ń hu, tí kò sí ẹni tó lè wọlé bá wọn jà, kó tó di April tí wọ́n máa ṣí ọgbà wọ́n ti gba ibẹ̀ sílé. Lójú tiwọn, Onílé ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ wọn.

May 1996 ni ó bẹ́. Àkókò ọmọ bíbí ni, ẹ rántí pé abo tó bá bímọ kì í lè kúrò nídìí ihò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò sì sí bó ṣe lè fi ìyẹn pa mọ́ torí gbogbo agbo ló ń wá ló ń lọ sí ojú kan. Àlejò ya wọ́n lára. Wọ́n pa akọ àgbà Onílé. Abo àgbà àti ọ̀dọ́ akọ kan ṣoṣo tó kù sá lọ, kò sì sí ẹni tó tún rí ọmọ kankan lọ́dọ̀ wọn lọ́dún yẹn. Nígbà tó fi di June Àlejò tún ti pa ọ̀dọ́ kan nínú agbo opó tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Lamar ti bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé akọ ńlá yẹn ló ṣe é, pé òun ló burú. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Márùn-ún sí mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn sì so mọ́ ihò. Nígbà tó yá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yellowstone kó ìpàdé 121 láàárín agbo àti agbo jọ, láti 1995 sí 2011, wọ́n ṣírò ohun tó ń jẹ́ kí ẹnì kan borí. Agbo tó bá fi ẹyọ ìkookò kan péré ju èkejì lọ, àǹfààní rẹ̀ á fi ìpín 140 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ìyẹn ò ya èèyàn lẹ́nu. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé agbo tó bá ní àgbà kan tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí èkejì ò ní, tiẹ̀ fi ìpín 150 ga, ó ju ti iye orí lọ. Àgbà yẹn ti lè máa rọ, kò lè sáré bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti rí ìjà rí, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń dúró àti ìgbà tí wọ́n ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Kò sí ẹni tó gbìyànjú láti dá Onílé padà sí Lamar. Wọ́n fi bàálù tẹ̀ lé wọn ni, wọ́n ń gbọ́ rédíò tó wà lára kọ́là ọrùn wọn, ohùn rédíò náà sì ń jìnnà sí i lọ sí gúúsù títí tó fi dúró sí àfonífojì Pelican, lókè adágún Yellowstone. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá wọn dù ni. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ó dáa, elk wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga àwọn elk á kó ẹrù wọn á lọ, ohun tó máa kù ò ju bison lọ, ẹfọ̀n onírun gàgàrà tí akọ rẹ̀ lè tó 900 kìlò, wọ́n á kóra jọ sórí ibi tí ilẹ̀ ti gbóná láti ìsàlẹ̀ tí yìnyín ò ti fi bẹ́ẹ̀ dì. Láwọn ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ìkookò Yellowstone ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa bison. Bí elk bá rí ìkookò ó máa ń sáré, sísá yẹn náà ló sì máa ń pa á. Bison máa ń dúró ni, á yíjú, á gbé ìwo sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ìdajì ìtàn ni ọ̀pọ̀ ń sọ, wọ́n á parí rẹ̀ síbi pé àlejò lé onílé. Àwọn méjì tó sá lọ yìí wá di tọkọtaya, wọ́n bímọ, àwọn ọmọ bímọ, wọ́n sì kọ́ bison pípa. Fún elk, ìkookò mẹ́rin ti tó, ẹni karùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ ran iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ṣùgbọ́n fún bison àǹfààní ń pọ̀ sí i ni bí wọ́n ṣe ń pọ̀, ó lè lé ní mẹ́wàá. Ilẹ̀ burúkú yẹn ló fi ipá mú wọn láti máa wà lọ́pọ̀, agbo tó bá sì wà lọ́pọ̀, ẹ ti mọ ohun tó túmọ̀ sí létí ààlà. Kò pẹ́ tí wọ́n di agbo tí àwọn aládùúgbò ń sá fún nígbà òtútù tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ wá sí apá àríwá.

Àwọn Àlejò ńkọ́? Ní ìparí 1997 wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Akọ ńlá wọn àti akọ kejì jáde kọjá ààlà páàkì, wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì lọ́nà àìtọ́. Àwọn abo àti ọmọ ló kù, gbogbo èèyàn ń retí pé agbo tó múlé gbè wọ́n á wọlé. Akọ kan ṣoṣo ló wọlé. Láti agbo opó yẹn ló ti wá, ọ̀kan lára àwọn ọmọ jòjòló tí ọ̀dọ́ Onílé gbà tọ́ ni. Láàárín ìgbà díẹ̀ wọ́n gbà á, ó di olórí, àwọn ọmọ tí kì í ṣe tiẹ̀ tó bá níbẹ̀ ó tọ́ wọn. Ilẹ̀ ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an, torí ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí po: ẹni tó gba Lamar là fún Àlejò, ọmọ ilé Onílé ló tọ́ ọ dàgbà.

Nígbà tó fi máa di 2001 Àlejò ti di 37 nínú agbo kan, agbo ìkookò tó tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé. Mo mọ àwọn tó máa ń fi nọ́ńbà yẹn yangàn. Ṣùgbọ́n kò tó ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n ti tú sí mẹ́rin, mẹ́ta nínú rẹ̀ sì di aládùúgbò tó ń bá wọn du ilẹ̀ kan náà. Ní 2004 abo olórí wọn kú, ìkookò míì ló pa á, agbo Pelican, ìyẹn agbo àwọn Onílé tó sá lọ, sì ni ọ̀pọ̀ ń fura sí, nígbà tó fi máa di oṣù June akọ olórí náà ti kú. Àgbà méjì lọ lọ́dún kan. Ní 2005 agbo kan tó ya lára wọn lé wọn kúrò ní Lamar, díẹ̀ báyìí ló kù nínú wọn. Agbo tó lé wọn náà ò gbádùn ẹ̀: ní 2006 àwọn ìkookò kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n ti wá wá dó ti ihò wọn lásìkò ọmọ bíbí, wọn ò jẹ́ kí àwọn ìyá jáde lọ jẹun dáadáa, kò sí ọmọ tó yè. Àyè ṣí sílẹ̀, Àlejò padà sí Lamar. Ìgbà tí àrùn awọ kan tó máa ń mú irun re wá bá wọn, tí ìkookò míì tún pa abo olórí wọn ní 2009, wọn ò rí ara gbé e mọ́. Ní 2010 agbo yẹn tán. Àwọn ọmọ ọmọ Onílé ṣì wà ní Pelican.

Tí èmi bá máa sọ ohun tí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹranko igbó gbọ́dọ̀ mú nínú èyí, àkọ́kọ́ ni pé kó yé fi máápù dá ara rẹ̀ lójú. Ààlà tí kọ́là yà fún ọ lóṣù yìí, ibi tí wọ́n rìn dé ló ń sọ, kò sọ bóyá wọ́n lè gbà á tó bá di ìjà. Àgbà mélòó ló wà nílé, mélòó ló ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ fẹ́yàwó, ìwọ̀nyí ló yẹ kó wà lókè rẹ́pọ̀ọ̀tì, kí iye gbogbo agbo tó tẹ̀ lé e, torí ọmọ mẹ́wàá tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ ò lè gba ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá sì fẹ́ tú ẹranko sílẹ̀ níbi tí irú rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀, kó mọ̀ pé ọjọ́ tó kó wọn sínú ọgbà ni pínpín ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣí géètì. Kó wo oṣù náà pẹ̀lú, torí títú agbo tuntun sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbà tí aládùúgbò wọn máa bímọ, ẹ rí ibi tó já sí. Agbo tí wọ́n bá sì lé, kó má tètè fagi lé e nínú ìwé rẹ̀, kó fún wọn lọ́dún bíi mélòó kan kó tó sọ pé wọ́n ti kùnà, kó sì máa wo ohun tí wọ́n ń kọ́ láti jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ló kù. Páàkì lè ṣọ́ inú rẹ̀ bó ṣe fẹ́, ìkookò ò mọ ibi tí páàkì parí sí. Nígbà òtútù 2021 sí 2022, ìkookò Yellowstone 25 ni àwọn ọdẹ pa, lẹ́yìn ààlà páàkì ni wọ́n kú sí, lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, agbo kan sì tán pátápátá níbẹ̀. Nínú ìwé àwọn tó ń ka ìpadàbọ̀sípò, 25 yẹn á padà, ọmọ bíbí á dí i. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn ni pé mélòó nínú 25 yẹn ló jẹ́ àgbà tó ń gbẹ́sẹ̀ tọ̀ létí ààlà, torí tí ọdẹ bá pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìta ní November, inú páàkì níbi tí ìbọn ò dé ni agbo tó múlé gbè wọ́n á ti jà tí ìgbà ọmọ bíbí bá dé.